Ìbéèrè Olùkàwé: Ẹ̀fọ́ Gbíngbìn Láti Àkọ́rọ̀ Dé Ọyẹ́

Lẹ́tà tí ẹ̀yin olùkàwé wa ní Àkúrẹ́ àti ní ìlú Oǹdó kọ sí abala yìí láti ìgbà tí òjò ti ń palẹ̀ mọ́ pọ̀ ju èyí tí ojú ìwé lè gbà lọ. A mú àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn kan ọ̀pọ̀ ènìyàn, a sì gé àwọn tí ó gùn kúrú. Ohun kan náà ni ó ń yọ ọ̀pọ̀ nínú yín lẹ́nu: ẹ gbin ohun tí ó dára sórí ilẹ̀ tí kò burú, ṣùgbọ́n ẹ gbìn ín ní àsìkò tí kì í ṣe tirẹ̀. Ìdí nìyí tí ìdáhùn àkọ́kọ́ fi gùn ju àwọn yòókù lọ.

*Ẹ̀yin olùdáhùn wa, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, mo sì ní ààbọ̀ pulọ́ọ̀tì lẹ́yìn ilé mi ní Ọ̀bá-Ilé. Nínú òjò, ẹ̀fọ́ máa ń pọ̀ lọ́wọ́ wa débi pé a ń fi tọrẹ, ṣùgbọ́n bí oṣù kejìlá bá ti wọlé, Ọjà Ọba ni ìyàwó mi ń lọ láti ra ẹ̀fọ́ ọ̀wọ́n. Ǹjẹ́ ó ṣeé ṣe kí a máa rí ẹ̀fọ́ já yípo ọdún? (Òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì, Ọ̀bá-Ilé)*

Ó ṣeé ṣe, bàbá, ilẹ̀ tí ẹ ní yẹn sì tó. Ohun tí ó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ fi sọ́kàn ni pé ẹ̀fọ́ tí ẹ óò já nínú ọyẹ́, inú òjò ni a ti ń múra rẹ̀ sílẹ̀. Ní àyíká Àkúrẹ́, òjò àkọ́rọ̀ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Ẹrẹ̀nà, tí í ṣe oṣù kẹta. Òjò a le gan-an ní Òkúdu àti Agẹmọ (oṣù kẹfà àti ìkeje), a dáwọ́ dúró díẹ̀ nínú oṣù Ògún (oṣù kẹjọ), a tún fi agbára padà ní Owérè (oṣù kẹsàn-án), kí àrọ̀kúrò tó fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún ẹ̀ẹ̀rùn ní ìparí Ọ̀wàrà (oṣù kẹwàá) tàbí ìbẹ̀rẹ̀ Bélú (oṣù kọkànlá).

Àkọ́rọ̀ a máa tan ènìyàn jẹ. Òjò kan ṣoṣo tí ó rọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ Ẹrẹ̀nà lè mú kí irúgbìn hù, kí oòrùn ọ̀sẹ̀ méjì tí ó tẹ̀ lé e sì pa gbogbo rẹ̀. Ẹ dúró títí òjò yóò fi rọ̀ bí ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín ọ̀sẹ̀ kan, tí ọ̀rinrin yóò sì ti wọ inú ilẹ̀ tó gígùn àtẹ́lẹwọ́, kí ẹ tó fọ́n tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ yòkòtò àti ewédú, kí ẹ sì tó gbin ilá. Ugu lè dúró di Ìgbé tàbí Ẹ̀bibi (oṣù kẹrin tàbí ìkarùn-ún), kí ẹ sì fún un láyè tó mítà kan sí ara wọn, nítorí pé yóò fà, yóò sì gba ilẹ̀.

Ẹ pín ilẹ̀ náà sí ebè pẹlẹbẹ tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju ẹsẹ̀ bàtà 4 lọ, kí ọwọ́ yín lè dé àárín rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì láìjẹ́ pé ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ má ṣe gbin gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ a máa tó fà tu láàárín ọ̀sẹ̀ 3 sí 4 tí a bá fọ́n ọn; nítorí náà, bí ẹ bá fọ́n ebè kan lónìí, tí ẹ sì fọ́n òmíràn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ọwọ́ yín kò ní ṣófo, bẹ́ẹ̀ ni ẹ kò ní máa bẹ aládùúgbò kí ó wá gbà lára rẹ̀. Hóró tẹ̀tẹ̀ kéré púpọ̀, ẹ pò ó mọ́ iyanrìn gbígbẹ kí ẹ tó fọ́n ọn, kí ó má baà ṣùjọ sójú kan. Bí ó bá jẹ́ pé rírẹ́ ni ẹ fẹ́ máa rẹ́ ẹ dípò fífà á tu, ẹ jẹ́ kí ó dàgbà tó ọ̀sẹ̀ 5 tàbí 6, kí ẹ rẹ́ orí rẹ̀, yóò sì máa yọ ẹ̀ka tí ẹ lè rẹ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì.

Ní Òkúdu àti Agẹmọ, omi tí ó dúró sí ìdí ẹ̀fọ́ ni ọ̀tá. Ẹ gbé ebè ga, kí ẹ sì la ojú ọ̀nà omi sí àárín wọn. Gbúre fẹ́ràn àsìkò yìí ju gbogbo ẹ̀fọ́ lọ, ẹ̀bọ̀lọ̀ náà a sì máa hù fúnra rẹ̀ létí oko. Ará Oǹdó tí ó bá tu ẹ̀bọ̀lọ̀ dànù bí ẹni tu koríko, kí ó má jẹ̀ẹ́ kí ìyá rẹ̀ gbọ́.

Ìdáwọ́dúró òjò inú oṣù Ògún ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń sinmi, èmi kò sì mọ ohun tí ó ń ba ẹ̀fọ́ ọyẹ́ jẹ́ tó ìsinmi náà. Ìgbà yẹn gan-an ni ó yẹ kí ẹ fọ́n hóró tòmátì àti ata sí abẹ́ ibòji fẹ́ẹ́rẹ́, kí tòmátì lè tó ṣí lọ gbìn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 3 sí 4, kí ata sì tẹ̀ lé e lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ 5 sí 6. Ilá tí a bá gbìn ní ìbẹ̀rẹ̀ Owérè yóò bẹ̀rẹ̀ sí í so kí òjò tó lọ, nítorí pé nǹkan bí ọjọ́ 50 sí 60 ni ó ń lò kí ó tó ṣeé ká, kò sì ní fẹ́ kí ẹ dá a sí ju ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta lọ kí ó tó gbó sára igi. Nínú Owérè yìí kan náà, ẹ gé igi ewúro tí ó ti gbó, kí ẹ rì í mọ́lẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọgbà. Bí gbòǹgbò rẹ̀ bá ti rìn jìnnà kí ilẹ̀ tó gbẹ, òun ni yóò gbẹ̀yìn gbogbo ẹ̀fọ́ yòókù nínú ẹ̀ẹ̀rùn.

Nígbà tí ọyẹ́ bá dé, ẹ dín ebè kù. Mítà kan níbùú àti mítà kan lóròó ń fẹ́ tó lítà 4 sí 5 omi lójúmọ́ nígbà tí oòrùn bá mú, tí afẹ́fẹ́ sì gbẹ. Ẹ ka garawa tí ẹ lè fà nínú kànga, kí ẹ sì fi ìyẹn mọ iye ebè tí agbára yín ká. Ebè mẹ́ta tí omi tó sàn ju mẹ́wàá tí ó ń kú lọ. Ẹ fi koríko gbígbẹ tàbí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bo ilẹ̀ ìdí ẹ̀fọ́, kí ẹ fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣíji bo àwọn tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí gbìn, kí ẹ sì máa ká a kúrò díẹ̀díẹ̀ bí wọ́n bá ti ń lágbára. Àárọ̀ kùtù àti ìrọ̀lẹ́ ni ìbomirin. Ẹ má retí pé ewédú yóò gùn nínú Ọ̀pẹ̀ (oṣù kejìlá) bí ó ti ń gùn nínú Ẹ̀bibi, nítorí pé bí ojúmọ́ bá ti kúrú, òdòdó ni ó máa ń yára yọ. Tẹ̀tẹ̀ ni kí ẹ fún ní ilẹ̀ púpọ̀, kí ẹ sì fà á tu ní kékeré.

*Ẹ kú àárọ̀ o. Mo ká èso ewédú láti inú ọgbà mi, mo sá a dáadáa, mo sì fọ́n ọn, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba díẹ̀ péré ni ó hù. Ìgbà kejì nìyí. Ṣé ilẹ̀ mi ni kò gbà á ni? (Ìyá Ìbejì, Ìjàpọ̀, Àkúrẹ́)*

Ilẹ̀ yín kò ṣẹ̀ yín, Ìyá Ìbejì. Èèpo hóró ewédú le, omi kì í tètè wọ̀ ọ́. Ẹ di hóró náà sínú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ẹ gbé omi gbígbóná kalẹ̀ bí ó bá ti hó, kí ẹ tì í bọ inú rẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú-àáyá 10, kí ẹ sì tètè gbé e sínú omi tútù. Bí ó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ti sè é nìyẹn. Ẹ tẹ́ ẹ sí ibòji kí omi ara rẹ̀ gbẹ, kí ẹ pò ó mọ́ iyanrìn, kí ẹ sì fọ́n ọn lọ́jọ́ náà. Hóró ilá kò nílò omi gbígbóná. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi lásán mọ́jú, ó ti tó.

*Tòmátì ni mo gbìn sí ẹ̀yìn ilé ní oṣù karùn-ún. Ó dàgbà, ó ń yọ òdòdó, ṣùgbọ́n lójijì ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ní ọ̀sán, bẹ́ẹ̀ ewé rẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀. Mo bomi rin ín títí, kò gbọ́. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ó ti kú, èyí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì tẹ̀ lé e. Àwọn kan ní iṣẹ́ ayé ni. (Olùkọ́, ìlú Oǹdó)*

Ẹ yọ ọwọ́ ayé kúrò níbẹ̀, olùkọ́. Ẹ gé igi tòmátì tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ súnmọ́ ilẹ̀, ní gígùn tó ìka ọwọ́ kan, kí ẹ fi okùn so ó rọ̀ kí ojú ibi tí ẹ gé wà nínú gíláàsì omi tí ó mọ́ gaara, kí ẹ má sì mì ín. Bí ẹ bá rí ohun funfun tí ó ń sun wálẹ̀ láti ojú rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, kòkòrò àìfojúrí inú ilẹ̀ tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Ralstonia solanacearum ni ó pa á. Inú gbòǹgbò ni ó ń gbà wọlé, níbi tí ọkọ́ bá ti há a tàbí tí kòkòrò inú ilẹ̀ bá ti jẹ ẹ́, a sì dí ojú ọ̀nà tí omi ń gbà gòkè nínú igi. Ìdí nìyí tí bíbomi rin ín kò fi ràn án lọ́wọ́, àní omi tí ẹ ń bù sí i ni ó tún ń gbé kòkòrò náà lọ bá èyí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ewé ìsàlẹ̀ ni ó kọ́kọ́ pọ́n, tí igi sì ń kú díẹ̀díẹ̀ láìsí ohun funfun nínú omi, àrùn mìíràn ni, olú inú ilẹ̀ ni ó sì ń fà á.

Kò sí oògùn kan tí ẹ lè rà lọ́jà tí yóò jí tòmátì tí Ralstonia bá ti mú. Ẹni tí ó bá ta á fún yín, owó yín ni ó fẹ́. Ẹ fà á tu pẹ̀lú gbòǹgbò àti ilẹ̀ tí ó yí i ká, kí ẹ sun ún, kí ẹ má dà á sórí ààtàn tí ẹ ó kó ajílẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹ fọ ọkọ́, ẹ fọ bàtà. Ojú ibẹ̀ kò gbọdọ̀ rí tòmátì, ata, ìgbá tàbí ọ̀dú fún ọdún 3 ó kéré tán, nítorí pé ẹbí kan náà ni gbogbo wọn, ohun tí ó pa ọ̀kan kò ní dá èkejì sí. Ẹ gbin àgbàdo síbẹ̀, tàbí tẹ̀tẹ̀, kí ẹ sì wá ilẹ̀ mìíràn fún tòmátì, ìbáà jẹ́ inú garawa tí ẹ ti ibòmíràn bu ilẹ̀ sí.

Ẹ jẹ́ kí n fi èrò tèmi kún un. Kì í ṣe àìmọ̀ iṣẹ́ ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ tòmátì tí ó ń kún àwọn ọjà wa máa ti Òkè Ọya wá nínú apẹ̀rẹ̀. Òjò ilẹ̀ wa pọ̀, ọ̀rinrin kì í kúrò lára ewé, àrùn a sì máa gbèrú. Tòmátì tí a gbìn ní Ẹ̀bibi ní Oǹdó, kádàrá ni a fà á lé lọ́wọ́. Bí ẹ bá ṣí i gbìn ní ìparí Owérè tàbí nínú Ọ̀wàrà, yóò bọ́ sínú ẹ̀ẹ̀rùn nígbà tí ó bá ń so, òru tí ó tutù nínú ọyẹ́ yóò sì jẹ́ kí òdòdó rẹ̀ di èso dípò kí ó máa re. Nínú òjò, ata rodo ni kí ẹ fi owó yín lé.

*Ẹ̀gbọ́n, ìgbẹ́ adìẹ ni mo rà, mo sì dà á sí ìdí ṣọkọ lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, etí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í jó, ọ̀pọ̀ sì kú. Ṣé oògùn ni wọ́n pò mọ́ ọn ni? (Ọ̀dọ́ àgbẹ̀, Ìlárá-Mọ̀kín)*

Àbúrò, ó tutù jù ni. Ìgbẹ́ adìẹ tí kò tíì jẹrà ní ooru àti òórùn tí ń ta ni nímú, àwọn méjèèjì ni ó sì jó ṣọkọ rẹ. Kó o jọ sí ibòji, fi ewé gbígbẹ tàbí ìyẹ̀fun igi tí ayùn gé là á láàárín, wọ́n omi díẹ̀ sí i, kí o máa yí i padà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 6 sí 8. Bí o bá ti ọwọ́ bọ àárín rẹ̀ tí kò gbóná, tí òórùn rẹ̀ sì ti di ti ilẹ̀, ó ti tó lò. Kílò kan fún mítà kan níbùú lóròó ni ìwọ̀n tí ó bójú mu, kí o pò ó mọ́ ilẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú gbíngbìn. Má ṣe da eérú sí inú òkìtì ìgbẹ́ tútù bí mo ti ń rí i tí àwọn kan ń ṣe. Eérú dára fún ilẹ̀ tí ó kan, ṣùgbọ́n bí ó bá pàdé ìgbẹ́ tútù, oúnjẹ tí ó yẹ kí ẹ̀fọ́ jẹ yóò bá afẹ́fẹ́ lọ. Dá eérú rẹ wọ́n lọ́tọ̀, díẹ̀ ni kí o sì wọ́n.

*Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni mo ń gbé, kò sí ilẹ̀, bàbá onílé kò sì fẹ́ ariwo. Kí ni mo lè gbìn? (Ayálégbé, Òkè-Àró, Àkúrẹ́)*

Àpò ìrẹsì tàbí garawa tí ẹ dá ihò sí ìdí rẹ̀ ti tó. Garawa tí ó ti gba ọ̀dà ilé tàbí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì rí kò yẹ fún ohun jíjẹ. Ìdá méjì ilẹ̀ dúdú àti ìdá kan ajílẹ̀ tí ó ti jẹrà ni kí ẹ pò pọ̀. Ata rodo, gbúre, tẹ̀tẹ̀ àti ẹfinrin yóò ṣe dáadáa bí oòrùn bá ń ta sí wọn tó wákàtí 6. Bí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yín bá ṣókùnkùn, ẹ wá ẹ̀ka wọ̀rọ̀wọ́, ẹ̀fọ́ tí ó mọ́ abẹ́ kòkó lára, nítorí pé ibòji ni ó fẹ́. Àpò tí ó tutù wúwo gan-an, ẹ tò wọ́n súnmọ́ ògiri, kí ẹ sì gbé àwo sábẹ́ wọn, kí omi má baà máa ro sórí aṣọ tí aládùúgbò ìsàlẹ̀ sá, nítorí ibẹ̀ ni ariwo tí bàbá onílé kò fẹ́ yóò ti bẹ̀rẹ̀.

*Ìdílé mélòó kan ni a jọ yá àkùrọ̀ kan létí odò, tí olúkúlùkù sì ní ìpín tirẹ̀. Ohun méjì ni ó ń yọ wá lẹ́nu. Tata ń jẹ ugu wa tán láti oṣù kejìlá, ẹnìkan nínú wa sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀tápìápíà fọ́n ọn. Yàtọ̀ sí èyí, omi ìdọ̀tí ìlú ń ṣàn wọ odò náà. Ṣé a lè máa bu ú rin ẹ̀fọ́? (Akọ̀wé ẹgbẹ́ alákùrọ̀, Àkúrẹ́)*

Ẹ dá ẹni yẹn dúró lónìí. Ọ̀tápìápíà, ti kòkòrò inú ilé ni, ohun tí ó sì sábà máa ń wà nínú rẹ̀ ni dichlorvos, tí àjọ NAFDAC fi òfin de títà rẹ̀ nínú ìgò kéékèèké ní ọdún 2019 nítorí jàǹbá tí ó ń ṣe. Ẹ̀fọ́ ewé ni a ń já jẹ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kò sí àyè tí oògùn náà yóò fi kúrò lára rẹ̀.

Tata aláràbarà ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ní ìṣe tirẹ̀. Ìparí òjò ni ẹyin rẹ̀ ń pa, àwọn ọmọ rẹ̀ a sì máa ṣùjọ sórí ewé kan ṣoṣo ní àárọ̀ nígbà tí òtútù kò tíì jẹ́ kí wọ́n lè fò. Ìgbà yẹn ni kí ẹ gbọ̀n wọ́n sínú garawa omi tí ẹ po ọṣẹ sí. Bí ìpín kọ̀ọ̀kan bá yan ẹnìkan tí yóò ṣe é ní àràárọ̀ ní Bélú àti Ọ̀pẹ̀, kí wọ́n tó hu ìyẹ́, ẹ óò ti borí. Ẹ gé igbó Akíntọ́lá tí ó yí àkùrọ̀ ká, nítorí pé òun ni tata fẹ́ràn láti máa gbé. Ó dùn mí láti sọ bẹ́ẹ̀ nípa ewé tí ó ti dá ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ dúró lóko, ṣùgbọ́n létí ọgbà ẹ̀fọ́, ọ̀tá ni. Abẹ́ ibòji rẹ̀ ni tata ń yín sí nígbà tí àkọ́rọ̀ bá ń dé. Ẹ fi ọkọ́ tú ilẹ̀ ibẹ̀, kí oòrùn àti adìẹ lè rí ẹyin náà. Ẹ tún lè gún ewé dóńgóyárò, kí ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú, kí ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ fi ọṣẹ díẹ̀ sí i, kí ẹ sì wọ́n ọn sára ugu ní ìrọ̀lẹ́. Kì í pa tata lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí ewé náà wù ú jẹ.

Ní ti omi, ẹ gbẹ́ kànga kékeré sínú àkùrọ̀ náà, kí ó jìnnà díẹ̀ sí etí odò. Omi kì í jìnnà nílẹ̀ níbẹ̀, èyí tí ó bá sì gba inú ilẹ̀ kọjá sàn ju èyí tí ń ṣàn lọ. Ìdí ẹ̀fọ́ ni kí ẹ máa da omi sí, kì í ṣe orí ewé. Ẹ má gbin ohun tí a ń jẹ ní tútù bíi lẹ́túúsì tàbí kùkúńbà síbẹ̀ rárá. Bí odò náà bá gba ibi tí àwọn mẹkáníìkì ń da ọ́ìlì sí, tàbí ẹ̀gbẹ́ ààtàn ńlá, ìdáhùn mi yàtọ̀: ẹ wá ilẹ̀ mìíràn, nítorí pé síse ń pa kòkòrò, ṣùgbọ́n kì í yọ májèlé òjé kúrò nínú ẹ̀fọ́.

*Báwo ni mo ṣe lè tọ́jú irúgbìn di ọdún tí ń bọ̀? Ti ugu tí mo sá lọ́dún tó kọjá kò hù rárá. (Arábìnrin kan, Àkúrẹ́)*

Ugu yàtọ̀ sí gbogbo wọn, arábìnrin: bí hóró rẹ̀ bá ti gbẹ, ó ti kú. Inú èso rẹ̀ ni kí ẹ fi í sí, kí ẹ gbé èso náà sí ibi tútù tí oòrùn kò dé, kí ẹ má sì là á títí di ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú gbíngbìn. Tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewédú, ilá àti ata ni a ń sá, sí ibòji tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, kí a tó dà wọ́n sínú ìgò gbígbẹ tí a fi eérú gbígbẹ tí kò gbóná mọ́ díẹ̀ sí ìdí rẹ̀ láti fa ọ̀rinrin, kí a dé e pa, kí a sì kọ orúkọ àti oṣù sí i lára. Igi tí ó dára jù nínú ọgbà ni kí ẹ dá sí fún irúgbìn láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ má ṣe já ewé rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń jẹ èyí tí ó dára tán, tí ó wá ń fi èyí tí ó ràn ṣe irúgbìn. Bí ó bá jẹ́ pé inú páálí ni ẹ ti ra hóró tòmátì tàbí ata, tí wọ́n sì kọ F1 sí i lára (ìyẹn ni pé irú méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n fi bí i), ẹ má ṣe tọ́jú ọmọ rẹ̀, nítorí pé kò ní jọ ìyá rẹ̀. Òmíràn ni kí ẹ rà bí àsìkò bá tún tó nínú oṣù Ògún.